Ta Ló Ń Lé Yín?

Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ṣí géètì. Ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé wa ní Gurley Street ti jí. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi aṣọ bo orí nítorí ọyẹ́. Ó wo bàtà mi, ó wo ṣòkòtò péńpé mi, ó wá bi mí ní ohun tó máa ń bi mí ní gbogbo àárọ̀ Sátidé láti bí ọdún kan ààbọ̀: "Bossman, ta ló ń lé yín?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kò sẹ́ni. Kò gbà mí gbọ́. Èmi náà kò ní gbà á gbọ́ ká ní èmi ni mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìbàdàn, òwe tí a mọ̀ nípa eré sísá ni pé ẹnìkan kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Àgbàlagbà tí ẹ bá rí tó ń sáré láàárín ìgboro, yálà olè ti jà á tàbí òun gan-an ni olè. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, tó ní aya àti ọmọ, tó ń ta wáyà àti gílóòbù iná ní ṣọ́ọ̀bù, kí ló ń wá kiri nínú òkùnkùn pẹ̀lú ṣòkòtò tí kò dé orúnkún?

Mo fẹ́ dá ọmọkùnrin náà lóhùn níbí, nítorí Sátidé tí mò ń wí yìí, nínú oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ni mo sá eré tó tíì dùn mọ́ mi jù lọ láyé mi. Kìlómítà 24 ni. N kò gba àmì ẹ̀yẹ kankan, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo rí i pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ tó ju tèmi nìkan lọ.

Kí n má purọ́, ejò wà lóòótọ́. Bàbá mi ṣubú sínú balùwẹ̀ nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kú. Odidi ọdún mẹ́rin ni a fi ń gbé wọn dìde, tí a ń gbé wọn jókòó, kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Wọ́n ò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ara wọn le, wọ́n ń jẹun dáadáa, kí ló kù? Nígbà tó di èmi, ibà ló gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Monrovia yìí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì de nǹkan mọ́ mi lápá, ó fún un, ó wo nọ́ńbà tó jáde, ó tún un ṣe. 168 lórí 104. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ti ní rọpárọsẹ̀ rí. N kò lè dáhùn fún ìgbà díẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn àgbàlagbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láyé yìí lé ní bílíọ̀nù kan, àti pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí kò mọ̀ pé àwọn ní in. Kì í dun èèyàn. Kì í jẹ́ kí orí fọ́ ọ dandan. Ó kàn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀ ni, bí ikán nínú òpó ilé. Dókítà fún mi ní oògùn tí mò ń lò títí dòní, ó ní kí n dín iyọ̀ àti magí kù, ó ní kí n máa rìn. Ó ní rírìn tó yá díẹ̀ fún wákàtí méjì ààbọ̀ lọ́sẹ̀ ni ó kéré tán.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti Gurley Street, mo máa ń bọ́ sí Broad Street, màá gun òkè Snapper Hill títí dé ibi tí òtẹ́ẹ̀lì Ducor wà. Ní 1960 ni wọ́n ṣí i, ó sì wà lára àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó lọ́lá jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà yẹn. Ní 1989 ni wọ́n tì í, ogun dé, wọ́n kó gbogbo inú rẹ̀ lọ, títí kan wáyà inú ògiri. Òkú ilé náà ṣì dúró lórí òkè, ó ń wo òkun. Ní oṣù kìn-ín-ní, bí mo bá fi máa dé ibẹ̀, mímí mi á ti dà bí ti ajá tó lépa ehoro. Ní oṣù kẹta, mo sá ìwọ̀nba ibi tó tẹ́jú. Ní oṣù kẹfà, mo sá gbogbo rẹ̀ láì dúró. Ọkàn mi sọ fún mi pé: ṣé o lè ṣe ju èyí lọ?

Ohun tí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lágbà kì í tètè mọ̀ ni pé eré gígùn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú kíkánjú. Bí o bá ń sá a, tí o kò lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ odidi gbólóhùn kan tán láì mí gúlegúle, o ti sáré jù. Inú fífara balẹ̀ yẹn ni ọkàn ti ń kọ́ láti máa tú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, tí iṣan ẹsẹ̀ ń kọ́ láti máa fi ọ̀rá ara dáná. Èmi ò gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Sátidé yìí, mo ní mo fẹ́ dé pápá ìṣeré Samuel K. Doe ní Paynesville kí n sì padà. Mo jáde bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Nígbà tí mo dé Congo Town, ẹsẹ̀ mi di igi, ojú mi ń ṣú. Mo jókòó sí etí títì, mo sì wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni o, kẹ̀kẹ́ náà ni àwọn ará ibí ń pè é, bíi tiwa. Ẹni tó wà á kàn ń fi dígí wò mí lẹ́yìn ni, kò sọ nǹkan kan, kò sì gba owó tó pé lọ́wọ́ mi. Àánú mi ṣe é.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mo fi fasilíìnì pa ààrin itan àti orí ọmú. Ẹni tó bá ti sá kìlómítà 15 pẹ̀lú ẹ̀wù tó ń ha á lọ́mú, tó wá da omi sára nígbà tó délé, kò ní béèrè ìdí. Mo fi dàbínù mẹ́fà sínú àpò. Mo gbé omi inú ọ̀rá méjì dání. Mo kúrò lẹ́nu géètì ní aago márùn-ún ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Gurley Street kò gùn. Ó gé Broad Street kọjá, ó gé Carey Street náà. Orúkọ Ralph Randolph Gurley ni wọ́n fi sọ ọ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ American Colonization Society tó kó àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà wá tẹ ibí dó ní 1822. Gurley fúnra rẹ̀ dé ní 1824, òun àti Jehudi Ashmun jọ ṣètò bí ìjọba ibùdó náà yóò ṣe rí, kò sì pẹ́ tó fi padà lọ. Bí mo bá sọ fún ará Monrovia pé Gurley Street ni mò ń gbé, ó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ilé ọtí àti òwò òru tí wọ́n mọ àdúgbò náà mọ́. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀, àwọn tí òru wọn ń parí àti àwọn tí ọjọ́ wọn ń bẹ̀rẹ̀ a máa pàdé lójú títì. Obìnrin kan gbé bàtà gogoro rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń fẹsẹ̀ lásán lọ sílé. Òmíràn ń dáná abẹ́ agbada epo tó fẹ́ fi din kala, àkàrà oníyẹ̀fun tó jọ pọ́fù-pọ́fù tiwa. Àwọn Fúlàní Gínì ti gbé ìkòkò tíì sórí èédú. Àwọn méjèèjì, ẹni tó ń lọ sùn àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, wò mí bákan náà: ta ló ń lé baba yìí?

Mo gba Broad Street, mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba apá Capitol Hill, níbi tí ilé aṣòfin àti Yunifásítì Làìbéríà ti kọjú síra wọn, mo sì bọ́ sí Tubman Boulevard. Títì yìí ló la Sinkor kọjá. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe àwọn òpópónà tó yà kúrò lára rẹ̀, láti ìkíní dé ìkẹrìnlélógún, ó sì rọ̀ mí lọ́rùn láti máa kà wọ́n bí ẹni ń ka tẹ̀súbáà. Bí ẹ bá ń jáde kúrò ní ìlú, òkun Àtìláńtíìkì ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀ ń gbọ́ ọ kí ẹ tó rí i. Ọ̀sà Mesurado ló wà lọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn àwọn ilé. Ìlú yìí dùbúlẹ̀ sáàárín omi méjì bíi Èkó. Ẹni tó bá mọ Èkó, ọ̀pọ̀ nǹkan níbí kì í yà á lẹ́nu, àfi òjò. Omi òjò tó ń rọ̀ ní Monrovia lọ́dún ju mílímítà 4,000 lọ. Ti Ìbàdàn kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Títì gbẹ, afẹ́fẹ́ tutù, eruku díẹ̀ wà lójú ọ̀run.

Kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú méje ààbọ̀. Bí mo ṣe rọra ń lọ nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kọjá lára mi fìrì, wọ́n juwọ́ sí mi. Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Obìnrin kan tó ru agbọ̀n búrẹ́dì ń rìn kánmọ́kánmọ́ níwájú mi, ó sì gbà mí tó ìṣẹ́jú méjì kí n tó lé e bá. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Pápá." N kò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni tàbí ó ń bá mi kẹ́dùn. Nítòsí ilé ìwòsàn JFK, ọmọdé mẹ́rin tó ń lọ pọnmi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sáré, jẹ́rígánì òfìfo ń lu ara wọn gbàù-gbàù. Wọ́n sá a tó ìgbọ̀nwọ́ igba, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ wọn fi lọ́. Ẹnikẹ́ni kò lé wọn o. Wọn ò sì béèrè lọ́wọ́ mi ẹni tó ń lé mi.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló wà lọ́kàn mi nígbà tí mo kọjá ibi tí mo ti jókòó lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ní Congo Town. Nínú èdè wa, "sá" nìkan túmọ̀ sí kí èèyàn fi nǹkan tó bà á lẹ́rù sílẹ̀ kó máa lọ. Ó sá lógun, ó sá fún gbèsè, ó sá kúrò nílé ọkọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ pé èèyàn ń fi ẹsẹ̀ ṣe ohun tí ẹsẹ̀ lè ṣe, eré la ń sọ pé ó sá. Eré yìí kan náà ni ọmọdé ń ṣe lábẹ́ òṣùpá. Òun kan náà ni alárìnjó ń ṣe lójú agbo. Ẹ̀rù wà nínú "sá", ayọ̀ wà nínú "eré", àwọn tó ni èdè sì so méjèèjì pọ̀ di "sáré" láì bẹ ẹnikẹ́ni. Òwe ejò àti ẹ̀gún, ìdajì ọ̀rọ̀ náà ló gbé dání. Ìdajì kejì ni a gbàgbé bí a ṣe ń dàgbà.

Oòrùn yọ lókèèrè níwájú mi, ó pọ́n bí epo, n kò sì ní láti fojú sá fún un nítorí ọyẹ́ ti fi aṣọ bò ó. Nígbà tí aago ọwọ́ mi ka kìlómítà 11 ààbọ̀, mo dúró níwájú pápá ìṣeré Samuel K. Doe.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tó fi jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé.

Old Ma ni gbogbo wa ń pe ìyá tó ni ilé tí mò ń gbé. Wọ́n ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ sáré wọlé pẹ̀lú òógùn, wọ́n jáde sí mi, wọ́n káwọ́ lérí: "Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Waterside?" Mo ní kò sí nǹkan kan, eré ni mo lọ sá. Wọ́n wò mí títí, wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé ní ìlú yìí, bí ẹnìkan bá ń sáré, àwọn tó kù kì í dúró béèrè. Wọ́n á gbé ọmọ, wọ́n á bá a sá. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi kọ́ ọ, láti ìparí 1989 dé 2003.

Ní 2003, Clara Town ní Bushrod Island ni wọ́n ń gbé, àdúgbò tí George Weah náà ti dàgbà. Nínú oṣù Okúdù àti Agẹmọ ọdún náà, àwọn ọmọ ogun LURD wọ Erékùṣù náà, ìbọn ń ró lórí afárá méjèèjì, ọta ńlá ń já sí àárín ìlú. Old Ma kó ọmọ mẹ́ta, ẹní, ìkòkò kan àti ìdajì àpò ìrẹsì, wọ́n la afárá kọjá, wọ́n la ìlú kọjá, wọ́n gba Tubman Boulevard nínú òjò. Ibi tí wọ́n lè rìn, wọ́n rìn. Ibi tó yẹ kí wọ́n sá, wọ́n sá. Pápá ìṣeré yìí ni wọ́n sá dé, àwọn àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn mìíràn. Abẹ́ àga òǹwòran ni wọ́n ń sùn. Àìsàn onígbáméjì wọ àárín wọn. "Ọmọ mẹ́ta ni mo kó lọ," wọ́n ní, "méjì ni mo kó bọ̀." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò béèrè.

Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà balẹ̀ sí Robertsfield ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ògún 2003, Old Ma dúró nínú òjò láti wò wọ́n kọjá. "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé," wọ́n máa ń sọ fún mi, "ṣùgbọ́n ẹ dé." Wọ́n á wá fi ẹ̀rín kún un pé àwọn tó kọ́kọ́ wá pẹ̀lú ECOMOG ní 1990 dé tiwọn, wọ́n sì kó mọ́tò àwọn èèyàn lọ. Méjèèjì ni òótọ́, n kì í bá wọn jiyàn.

Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ìtàn yìí, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Ojú ọ̀nà tí mò ń fi bàtà olówó iyebíye sáré lórí rẹ̀ nítorí ìlera, òun ni ìyá yìí sá pẹ̀lú ìrẹsì lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Mo sọ fún wọn pé màá wá ibòmíràn máa gbà. Wọ́n pòṣé. "Ṣé nítorí pé mo sá lójú títì ni títì ṣe wá di tèmi? Máa sá eré rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá dé sitédíọ̀mù, bá mi wò ó bóyá wọ́n ti kun ògiri ẹ̀." Láti 2003, wọn ò tíì padà débẹ̀. Nígbà tí mo wọ kẹ̀kẹ́ bọ̀ wálé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn ni pé, "Ṣé o débẹ̀?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì padà sídìí ẹ̀fọ́ ànàmọ́ tí wọ́n ń rẹ́. "Ó dáa" yẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ mi lọ.

Nítorí náà, mo dúró dáadáa. Mo mu omi, mo jẹ dàbínù mẹ́ta, mo wo ògiri. Mo wo àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ gbalasa tó wà níta, tí wọ́n fi òkúta méjì ṣe góòlù. Mo wo ọkùnrin kan tó ń fo okùn. Mo wo obìnrin mẹ́ta tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n ń rìn yípo, tí ẹnu wọn kò sinmi. Wọ́n kọ́ ibí yìí kí èèyàn lè máa sá eré níbẹ̀. Ó di ibi tí àwọn tó ń sá fún ikú sùn sí. Ní àárọ̀ yẹn, ó ti padà di ibi eré. Mo rántí pé àwọn Yorùbá ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Àwọn ará ìlú yìí ti rí òkun. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọ́n tún padà wá sí etí omi láti ṣeré.

Ìpadàbọ̀ ni mo ti mọ̀ pé eré náà yóò dára. Oòrùn wà lẹ́yìn mi, òjìji mi gùn níwájú mi, mo ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lọ. Ní Sinkor, mo yà kúrò lójú títì sọ́wọ́ ọ̀tún, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, nítorí mo fẹ́ kí kìlómítà náà pé, mo sì fẹ́ rí omi. Àwọn tó ń sáré nílẹ̀ òkèèrè a máa fi àwòrán adágún hàn, pẹ̀lú ọ̀nà tí wọ́n là sábẹ́ igi yí i ká. Adágún tèmi nìyí. Àwọn igi etí omi náà na gbòǹgbò wọn síta bí ẹsẹ̀ alákàn. Ẹyẹ funfun kan dúró lẹ́sẹ̀ kan. Bàbá apẹja kan ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú agolo. Mo rọra ń sá a lórí iyanrìn, n kò gbọ́ nǹkan kan ju mímí ara mi àti agolo yẹn lọ: hùn-hùn, ṣùà. Mo lè sọ odidi gbólóhùn. Mo sọ ọ́ síta ní Yorùbá nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́: "Bàbá mi, ẹ wò mí o." N kò mọ ibi tó ti wá. Omi bọ́ lójú mi, ó sì dàpọ̀ mọ́ òógùn.

Ní 2006 ni wọ́n fi orúkọ ilẹ̀ àbàtà Mesurado yìí sínú ìwé àdéhùn Ramsar, ìyẹn àwọn àbàtà tí ayé fọwọ́ sí pé ó yẹ ká dáàbò bò. Ó lé ní hẹ́kítà 6,000. Ṣùgbọ́n èèyàn kò lè sá ju igba ìṣísẹ̀ lọ létí rẹ̀ kí ó tó bá ibi tí wọ́n ti fi ìdọ̀tí àti iyanrìn dí omi láti kọ́lé, tàbí ibi tí wọ́n ti gé igi láti fi yan ẹja. N kò dá tálákà tó ń wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí lẹ́bi. Mo kàn mọ̀ pé omi tí wọ́n lé kúrò nílé rẹ̀ yóò padà wá ní oṣù Okúdù, inú yàrá ni yóò sì wá. Ìlú tó bá fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní ìlera, kó fi etí omi díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn láti rìn. Owó rẹ̀ kéré sí ti ilé ìwòsàn.

Kìlómítà mẹ́ta tó kẹ́yìn le. Òkè Capitol Hill kò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí. Itan mi ń gbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń ta mí, kẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè sí mi lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n n kò dúró, ọkàn mi sì balẹ̀ lọ́nà tí n kò lè ṣàlàyé dáadáa. Kì í ṣe pé kò dùn mí. Ó dùn mí, mo sì mọ̀ pé mo lè gbé e délé. Ẹni tó bá ti bá ara rẹ̀ sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, tó sì mú un ṣẹ, ohun tó kù lọ́sẹ̀ náà, gbèsè oníbàárà, iná tó ń ṣẹ́jú, owó ilé ẹ̀kọ́, kì í tún ga lójú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo wọ Gurley Street ní aago mẹ́jọ ààbọ̀. Aago ọwọ́ mi ka 24.1.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdé tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì de nǹkan mọ́ mi lápá: 132 lórí 84. Mo ṣì ń lo oògùn mi, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni sọ tirẹ̀ nù nítorí eré. Ẹ̀yin ọkùnrin Yorùbá tó ti lé ní ogójì ọdún, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn káńtà tàbí inú mọ́tò ni ẹ ń gbé láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde. Bí ẹ kò bá lè sá a, ẹ rìn ín. Ẹ máà dúró de ejò. Bí ejò bá sì ti dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ nítorí tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ máà parí sídìí rẹ̀. Ẹ̀rù ló gbé mi kúrò lórí àga, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kò lè gbé èèyàn dé kìlómítà 24. Eré ló gbé mi débẹ̀.

Old Ma jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo wọlé. Wọ́n ti bu omi sínú garawa fún mi, wọ́n sì fi abọ́ bo kala mẹ́rin. Wọn ò béèrè bóyá mo débẹ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n mọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀: àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó ń fo okùn, àwọn obìnrin mẹ́ta. Mo ní ògiri náà, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí níbì kan, ṣùgbọ́n wọ́n kùn ún. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ omi kan wà lápá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń fọ aṣọ ọmọ náà. Ṣé ó ṣì wà?"

Mo ní n kò dé apá ẹ̀yìn.

"Nígbà mìíràn," wọ́n ní, "lọ wò ó fún mi."

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo ṣí géètì ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọmọkùnrin náà gbé orí sókè lábẹ́ aṣọ. "Bossman, ta ló ń lé yín?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń lé mi. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."